Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Oríṣìí Ìlóṣòó Tí Ń Fún Ẹsẹ̀ Lágbára

Ìlera lọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera láwùjọ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé lórí. A kì í dárúkọ ẹsẹ̀ títí di ọjọ́ tí orúnkún bá kọ̀ tí ó ní òun kò lọ mọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú Àbújá yóò mọ ohun tí à ń wí. Òṣìṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Lugbe yóò jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀, yóò jókòó sórí àga ní ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́, yóò sì tún jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Nígbà tí ó bá délé, àga ni yóò tún gbà á. Bí èyí bá ti di ìṣe ẹni fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹsẹ̀ bá gbàgbé iṣẹ́ tí a dá a fún.

Orí ìrun ni àìlágbára ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ ń fojú hàn fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Nínú ìrun wákàtí márùn-ún, rákáà 17 ni ọ̀ranyàn. Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé ìgbà 12 ni olùkírun ń ti orí ilẹ̀ dìde sí ìdúró láàárín àwọn rákáà náà lójúmọ́, láì tíì ka nọ́fílà mọ́ ọn. Itan àti ìdí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdìde yìí. Ẹni tí ó bá ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, tàbí tí ó ń wá èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìmú kí ó tó lè nà ró, ti gba ìkìlọ̀. Ẹ̀sìn ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tí kò lè dúró kí ó jókòó kírun, kò sì sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ṣì gbà á láti tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àga ṣáájú àsìkò.

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí ó wà fún ẹsẹ̀, kò wọ́pọ̀ kí a rí èyí tí ó ju ìlóṣòó pẹ̀lú ẹrù lọ. Ìbéèrè tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láwọn ilé ìdárayá ni pé, irú ìlóṣòó wo ni ó dára jù? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Oríṣìí kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó yẹ, ó sì ní iṣẹ́ tí a fi ń ṣe. Èyí tí ó jẹ́ kí a gbé irin tí ó pọ̀ jù kọ́ ni ó máa ń jẹ́ èyí tí ó yẹ wá jù.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌYÁ WA TI MỌ̀

Ìlóṣòó kì í ṣe àṣà àjèjì. Kí irin ilé ìdárayá tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹni tí ń lọ pọn omi lódò ti mọ̀ ọ́n. Yóò gbé òṣùká lé orí, yóò lóṣòó, ẹnìkejì yóò bá a gbé ìkòkò rù, yóò sì dìde nílẹ̀ láìjẹ́ kí omi dànù. Ẹ fi ojú inú wo ìdìde yẹn dáadáa. Ọrùn nà, ẹ̀yìn kò tẹ̀, gìgísẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Itan ni ó fi gbé ara rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ sókè. Òfin tí àwọn olùkọ́ni ń kọ́ àwọn tí ń gbé irin lónìí kò kọjá èyí: kí ẹrù wà ní òòró gangan lókè àárín àtẹ́lẹsẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Bí ẹrù bá yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀yìn tàbí orúnkún ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ọ̀pá irin gbọọrọ ni wọ́n ń lò fún eré yìí. Èyí tí àwọn ọkùnrin ń lò nínú ìdíje wọn kílò 20, ti àwọn obìnrin sì wọn kílò 15, kí a tó fi àwo irin kankan bọ̀ ọ́ létí. Ibi tí a bá gbé ọ̀pá náà lé lára ni ó ń ya oríṣìí ìlóṣòó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí ọ̀pá bá yí ipò padà díẹ̀, àyà yóò yí ipò padà kí ẹrù má baà yẹ̀. Bí àyà bá sì yí padà, iṣan tí yóò ṣe iṣẹ́ jù yóò yí padà pẹ̀lú.

ÀWỌN TÍ WỌ́N FI IRIN GBÉ ORÚKỌ NÀÌJÍRÍÀ GA

Àbújá ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn eré yìí. Nígbà tí ìlú náà gba àlejò Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ní oṣù October 2003, irin gbígbé wà lára àwọn eré tí wọ́n ti figa gbága. Pápá ìṣeré ńlá tí a kọ́ sílẹ̀ de ìdíje náà ni ìjọba fi orúkọ olóògbé Moshood Abiola pè ní 2019.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìdíje yẹn, ní Sydney, ní 2000, tí í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin yóò gbé irin nínú Olympics, Ruth Ogbeifo ti gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà fún Nàìjíríà. Àpapọ̀ kílò 245 ni ó gbé, iye kan náà tí ẹni tí ó gba wúrà, María Isabel Urrutia ti Kòlóḿbíà, gbé. Ìwọ̀n ara tí ó fúyẹ́ jù ni wọ́n fi ya àwọn méjèèjì. Ní Beijing, ní 2008, Mariam Usman gbé àpapọ̀ kílò 265, ó sì ṣe ipò karùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe ní 2016, àṣírí tú pé méjì nínú àwọn tí wọ́n borí rẹ̀ lo oògùn olóró, àmì ẹ̀yẹ idẹ sì di ti ọmọbìnrin Nàìjíríà náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ní Birmingham, níbi Eré Ìdárayá àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní 2022, Adijat Olarinoye gba wúrà láàárín àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Kílò 92 ni ó kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà ó gbé 111, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 203. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kílò 111 tí ó gbé sókè orí ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Níbi ìdíje kan náà, Rafiatu Lawal gba wúrà tirẹ̀ láàárín àwọn oníkílò 59 pẹ̀lú àpapọ̀ 206.

Ohun tí ó kan ẹsẹ̀ nínú èyí ni pé ìlóṣòó ni ìpìlẹ̀ irin gbígbé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń díje. Nínú èkíní, eléré yóò fa irin láti ilẹ̀ lọ sókè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì gbà á ní ìlóṣòó pẹ̀lú apá méjèèjì ní nínà. Nínú èkejì, yóò kọ́kọ́ gba irin sí iwájú èjìká ní ìlóṣòó, yóò dìde, lẹ́yìn náà ni yóò tì í sókè. Ẹni tí itan rẹ̀ kò bá lè gbé e dìde láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ìbáà le bí irin, kò lè ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ aṣọ má baà jẹ́ ìdíwọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa, ó yẹ kí ilé gbogbo mọ̀ pé láti 2011 ni àjọ tí ń ṣàkóso irin gbígbé lágbàáyé ti fàyè gba aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ tán, tí kò sì ní dí adájọ́ lọ́wọ́ láti rí i bóyá ìgúnpá àti orúnkún nà dáadáa. Kulsoom Abdullah, obìnrin mùsùlùmí kan ní Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ wá láti Pakistan, ni ó béèrè fún un tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe sí òfin náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Khadija Mohammed láti ilẹ̀ United Arab Emirates wọ híjáàbù gbé irin nínú Olympics ní London.

ORÍṢÌÍ MÁRÙN-ÚN, IṢẸ́ MÁRÙN-ÚN

Èkíní ni ìlóṣòó tí a gbé irin lé ẹ̀yìn ọrùn nísàlẹ̀, lórí iṣan tí ó so ọrùn mọ́ èjìká. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Àyà máa ń dúró ní ìwọ̀nba òòró, orúnkún á lọ síwájú, iṣan iwájú itan àti ìdí á jọ pín iṣẹ́ náà ṣe. Ó rọrùn láti kọ́, a sì lè máa fi irin kún un díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti rẹ̀ lè máa tẹ̀ síwájú láìmọ̀, kí ó sọ iṣẹ́ itan di iṣẹ́ ẹ̀yìn.

Èkejì jọ èkíní, ṣùgbọ́n irin sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó dúró lórí eegun pẹlẹbẹ èjìká. Nítorí pé ẹrù ti lọ sẹ́yìn, àyà gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kí ìbàdí sì ti ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ń wá àga. Ìdí, iṣan inú itan àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù níbí. Àwọn tí ń díje láti mọ ẹni tí yóò fi ìlóṣòó gbé irin tí ó pọ̀ jù fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà yìí. Ó ń fẹ́ ẹ̀yìn tí ó le àti èjìká tí ó yọ̀ dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ìlóṣòó tí irin wà níwájú, lórí èjìká méjèèjì, lábẹ́ àgbọ̀n, tí ìgúnpá sì yọ síwájú. Níbí, kò sí àyè fún ìrẹ́jẹ: ẹni tí ó bá tẹ̀ síwájú, irin yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, iwájú itan á sì ṣiṣẹ́ gan-an. Ìwọ̀n irin tí a lè gbé á dín kù. Ẹni tí ó ń gbé kílò 100 ní ẹ̀yìn sábà máa ń gbé bí 80 sí 85 níwájú. Ṣùgbọ́n dídínkù yìí kì í ṣe àdánù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2009, tí àwọn ènìyàn 15 tí wọ́n ti mọ́ra pẹ̀lú irin kópa nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé iṣan ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ bákan náà nínú ìlóṣòó ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ti iwájú kò tó ti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpọ̀ tí orúnkún rí kò sì tó ti ẹ̀yìn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń ṣe wàhálà yóò rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ tí kò bá yọ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ le lè ká apá kọjá ara wọn láti fi di irin mú.

Ẹ̀kẹrin ni ti òkè orí, níbi tí apá méjèèjì nà gbọnrangandan tí irin sì wà lókè bí a ti ń lóṣòó. Ó ń fi àbùkù gbogbo oríkèé hàn, láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìwọ̀n tí a lè gbé kéré gan-an, nítorí náà kì í ṣe ọ̀nà àbùjá sí agbára ẹsẹ̀. Àwọn tí ń díje bí Adijat àti Rafiatu kò lè ṣe é tì. Baálé ilé tí ó fẹ́ kí orúnkún òun dá a lóhùn lè fi í sílẹ̀ láìpàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀karùn-ún ni ìlóṣòó sí orí àpótí tàbí àga tí kò ga. A ó gbé irin bí ti tẹ́lẹ̀, a ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ìdí yóò fi kan àpótí, a ó sì dìde láìjẹ́ kí ara rọ̀ sílẹ̀. Àpótí náà ń sọ fún wa ibi tí a dé, ó sì ń lé ẹ̀rù lọ. Fún àwọn àgbà, a kò tilẹ̀ nílò irin níbẹ̀rẹ̀. Jíjókòó sórí àga àti dídìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan ti tó iṣẹ́.

ÈWO NI KÍ A MÚ?

Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ó sì fẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ òun pọ̀ gan-an, kí ó fi ti ẹ̀yìn, irú ti èkíní, ṣe olórí, kí ó sì fi ti iwájú ṣe igbákejì. Ti ẹ̀yìn ni a fi ń gbé ẹrù tí ó wúwo, ẹrù wíwúwo ni ó sì ń kọ́ iṣan ní agbára. Ti iwájú ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà kí ìdúró rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bí ó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó fi ọjọ́ kan fún ti ẹ̀yìn, ọjọ́ kejì fún ti iwájú.

Ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún, tí ó ń ti ọ́fíìsì bọ̀, tí kò sì gbé irin rí, kò gbọdọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ di ẹrù kékeré kan mú mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà tí a gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra, kí ó sì máa lóṣòó pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù iwájú yìí á máa fà á bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Nígbà tí kílò 20 bá ti rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ó gba ọ̀pá irin, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlóṣòó ti iwájú. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ títí láé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní sunkún.

Àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti lé ní 65 ni àga tàbí àpótí yẹ jù. Nínú ìtọ́ni tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tí wọ́n ti pé 65 máa ṣe eré ìmúdúró àti ti agbára ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n má baà máa ṣubú. Ìṣubú kan ṣoṣo lè gba òmìnira lọ́wọ́ arúgbó, nítorí eegun ìbàdí tí ó bá dá kì í tètè jinná.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìdárayá àdúgbò, níbi tí kọ́ńkéré tí a rọ sínú agolo ti ń jẹ́ àwo irin, a máa ń rí ọ̀dọ́ tí ó di ẹrù tí ó kọjá agbára rẹ̀ lé èjìká, tí ó wá ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tí ń kí ọba, tí ó sì ń pè é ní ìlóṣòó. Ìyẹn kò kọ́ itan ní nǹkan kan. Ó sàn kí a gbé ọ̀pá lásán, kí a sì lọ sílẹ̀ títí itan yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn kò bá ká.

Kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yà síta díẹ̀. Kí orúnkún máa tọ ọ̀nà tí ọmọ ìka kọjú sí, kí ó má ṣe wọlé sínú. Kí gìgísẹ̀ má ṣe kúrò nílẹ̀. Kí a mí èémí sínú ikùn kí a tó sọ̀ kalẹ̀, kí a sì tú u jáde nígbà tí a bá ń dìde. Ìgbà 8 ni kí a lóṣòó, kí a sinmi ìṣẹ́jú 2, kí a tún un ṣe títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 20, tí ó ń fi 2.5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò ti máa gbé 50 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Kò yára, ṣùgbọ́n ó dé.

Kí a má ṣe dá nìkan gbé irin sí ẹ̀yìn láìsí ẹni tí yóò gbà wá, tàbí férémù tí ó ní ọ̀pá ààbò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìpákè, oyún tàbí àrùn orúnkún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí pé dídi èémí mú lábẹ́ ẹrù a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Nínú oṣù Ramadan, kí a dín ìwọ̀n irin kù, kí a sì sún un sí ẹ̀yìn ìṣínu, nígbà tí omi ti wà lára.

ÌBẸ̀RÙ MÉJÌ

Àwọn kan ní ìlóṣòó jíjìn ń ba orúnkún jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ láti 1961, nígbà tí Karl Klein ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ó ń mú kí okùn orúnkún dẹ̀. Àwọn olùwádìí tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ lára orúnkún tí ara rẹ̀ dá, bí a bá ń fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀. Orúnkún tí ń ṣẹ́ délẹ̀ nígbà ìjókòó àtááyá kò yẹ kí ó bẹ̀rù ìlóṣòó.

Àwọn mìíràn ní obìnrin tí ń gbé irin yóò di ọkùnrin. Omi ara tí ń mú iṣan ọkùnrin gbòòrò kéré púpọ̀ lára obìnrin. Adijat gba wúrà, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò sì ju kílò 55 lọ. Ìyàwó ilé tí ó bá ń lóṣòó pẹ̀lú kílò 15 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò rí ìrọ̀rùn nígbà tí ó bá ń gbé ọmọ pọ̀n àti nígbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn. Eegun rẹ̀ pàápàá yóò jèrè, nítorí ẹrù a máa mú eegun le.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí olúkúlùkù yan ọ̀nà tí ó bá ọjọ́ orí àti ara rẹ̀ mu, kí ó má ṣe wo irin ẹlòmíràn. Àmánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọ ìdúró nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Àmín.